Lọ́yà Àlejò Tó Fi Gègé Pín Ilẹ̀ Hawaii

Lọ́jọ́ kejìlá oṣù Kẹwàá, ọdún 1846, ọkọ̀ onígbòkun kan tí wọ́n ń pè ní Henry gúnlẹ̀ sí èbúté Honolulu, ní erékùṣù Hawaii, láàrin agbami òkun Pàsífíìkì. Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́jọ tí ọkọ̀ náà ti kúrò ní Amẹ́ríkà. Nínú àwọn èrò tó sọ̀ kalẹ̀ ni ọ̀rẹ́ méjì wà láti ìpínlẹ̀ New York. Ọ̀kan ni William Little Lee, lọ́yà ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Èkejì ni Charles Reed Bishop, tó fi nǹkan bí ọdún kan kéré sí i. Kì í ṣe Hawaii ni wọ́n ń lọ. Oregon ni wọ́n forí lé, ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ń rọ́ lọ nígbà náà láti wá ilẹ̀ àti iṣẹ́. Ọkọ̀ wọn kàn yà ní Honolulu ni, kí wọ́n lè tún un ṣe, kí wọ́n sì ra oúnjẹ àti omi.

Kò pẹ́ tí ìròyìn dé ààfin pé lọ́yà kan wà nínú àwọn èrò ọkọ̀ náà, lọ́yà tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Harvard. Bí àwọn mínísítà ọba ṣe gbọ́, wọn ò fẹ́ kó lọ mọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Lee rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó sì gbà. Kí ọdún náà tó parí, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, wọ́n ti fi í ṣe adájọ́ ní Honolulu. Ọdún mẹ́wàá ó lé díẹ̀ ló kù fún un láyé nígbà yẹn, iṣẹ́ ọba Hawaii ló sì lò ó fún. Láàrin àkókò náà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí òfin pàtàkì kan ní ìjọba yẹn tí ọwọ́ rẹ̀ ò kàn, pàápàá òfin ilẹ̀. Títí di òní, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀.

Kí ló dé tí ọba odidi orílẹ̀-èdè kan fi ń wá lọ́yà bí ẹni ń wá oògùn? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Láti ọdún 1778, tí ọ̀gá atukọ̀ James Cook ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ dé erékùṣù wọ̀nyí, ni àlejò ò ti dáwọ́ dúró mọ́. Àwọn oníṣòwò ń wá, àwọn míṣọ́nnárì ń wá, àwọn tó ń pa ẹja àbùùbùtán fún epo ara rẹ̀ ń wá. Àwọn àlejò wọ̀nyí ń jà láàrin ara wọn, wọ́n sì ń bá onílé jà. Bí ẹjọ́ ò bá sì lọ bí wọ́n ṣe fẹ́, aṣojú ìjọba ilẹ̀ wọn a ránṣẹ́ pe ọkọ̀ ogun. Ní ọdún 1839, ọkọ̀ ogun Faransé kan dé Honolulu, ọ̀gá rẹ̀ sì ní kí ọba kó 20,000 dọ́là sílẹ̀ kí òun má baà yìnbọn. Ọba kó owó náà sílẹ̀.

Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1843. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Honolulu ní ilẹ̀ kan lábẹ́ àríyànjiyàn, ó ní wọ́n ń rẹ́ òun jẹ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí wà lára ohun tó gbé Lord George Paulet wá pẹ̀lú ọkọ̀ ogun. Ó yọ ìbọn sí ìlú, ó sì gba ìjọba lọ́wọ́ Ọba Kamehameha Kẹta. Oṣù márùn-ún ni àsíá Gẹ̀ẹ́sì fi ń fẹ́ lókè Honolulu, kí Ọ̀gágun Richard Thomas tó wá láti dá ìjọba padà fún ọba ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Keje. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún náà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí i pé orílẹ̀-èdè olómìnira ni Hawaii. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ti wọ ọba lára. Ọ̀kọ̀ ò lè dá ìbọn ńlá dúró, ìwé nìkan ló kù tí ó lè fi bá àwọn aláwọ̀ funfun jà, kò sì sí ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ kan tó tíì kọ́ irú òfin tí àwọn yẹn ń lò.

Lee kọ́ ni lọ́yà àkọ́kọ́ tó gba iṣẹ́ náà. John Ricord ló ṣáájú rẹ̀. Ọmọ ìpínlẹ̀ New Jersey ni Ricord, alárìnká ni, ó ti ṣiṣẹ́ ní Texas nígbà tí Texas ṣì jẹ́ orílẹ̀-èdè tó dá dúró. Oṣù Kejì ọdún 1844 ló dé Honolulu. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí ọba fi sọ ọ́ di Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba. Ricord búra pé òun ti di ọmọ abẹ́ ọba Hawaii. Òun ló bẹ̀rẹ̀ àwọn òfin tó ṣètò iṣẹ́ mínísítà kọ̀ọ̀kan àti bí ìjọba yóò ṣe máa rìn. Ọlọ́pọlọ pípé ni, ṣùgbọ́n oníjà ni pẹ̀lú. Òun àti àwọn òyìnbó oníṣòwò ò gbọ́ra wọn yé rárá. Nígbà tó di ọdún 1847, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó wọkọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Paris ló kú sí ní ọdún 1861.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ náà ò dákẹ́. Ní ọdún 1845, kí Lee tó dé rárá, àwọn mẹ̀kúnnù láti oríṣiríṣi àdúgbò kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ọba. Ohun mẹ́ta ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ sí: kó lé àwọn àjèjì kúrò nínú iṣẹ́ ìjọba, kó má gbà fún wọn mọ́ láti máa búra di ọmọ ilẹ̀, kó má sì ta ilẹ̀ fún wọn. Lára àwọn tó dá sí ọ̀rọ̀ náà ni David Malo, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé Hawaii tó kọ́kọ́ kọ ìtàn ilẹ̀ wọn sílẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé ẹni tó wá ṣe ìránṣẹ́ lónìí lè di ọ̀gá lọ́la. Ìdáhùn ọba ni pé òun mọ ohun tí wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n òun nílò àwọn tó mọ ọ̀nà tí àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè ń gbà ṣe nǹkan, títí àwọn ọmọ ìjòyè tó wà nílé ẹ̀kọ́ yóò fi gbọ́n tó láti gba iṣẹ́ náà. Èsì náà mọ́gbọ́n dání. Ẹ̀rù àwọn ará ìlú náà sì mọ́gbọ́n dání. Inú ọ̀rọ̀ méjì yìí ni Lee bá ara rẹ̀ nígbà tó gúnlẹ̀.

Ìwà Lee yàtọ̀ sí ti Ricord. Ó ní sùúrù, ó sì mọ èèyàn bá sọ̀rọ̀. Òun ló ṣètò òfin ọdún 1847 tó to àwọn ilé ẹjọ́ ní ipele ní ipele, nígbà tó sì di oṣù Kìíní ọdún 1848, ó di adájọ́ àgbà. Kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ní ọdún 1849, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Catherine Newton, wọkọ̀ láti Amẹ́ríkà wá bá a, wọ́n sì ṣègbéyàwó. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Bishop ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ Bernice Pauahi, ọmọ ọba láti ìdílé Kamehameha. Àwọn méjèèjì ti gbàgbé Oregon pátápátá.

Iṣẹ́ tó wúwo jù lọ lọ́wọ́ Lee ni iṣẹ́ ilẹ̀. Ní Hawaii àtijọ́, kò sí ẹni tó ń ra ilẹ̀ tàbí tó ń tà á. Lábẹ́ ọba ni gbogbo ilẹ̀ wà. Ọba fi ìpín fún àwọn ìjòyè, àwọn ìjòyè fi ìpín fún àwọn alábòójútó, àwọn mẹ̀kúnnù sì ń dáko lórí rẹ̀. Wọ́n ń gé ilẹ̀ láti orí òkè títí dé etí òkun, kí ará ilẹ̀ kan náà lè rí igi gé lókè, kó rí ibi tó lè gbin kókò sí lórí ilẹ̀ olómi ní àfonífojì, kó sì rí ẹja pa lódò. Mẹ̀kúnnù ń ṣiṣẹ́ fún ìjòyè, ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ìjòyè lè lé e, ṣùgbọ́n òun náà lè kẹ́rù rẹ̀ kó lọ sọ́dọ̀ ìjòyè mìíràn. Kò sẹ́ni tó ní ìwé lọ́wọ́. Ẹnu àgbà àti ojú àwọn ará àdúgbò ni ẹ̀rí.

Àwọn àlejò ò fẹ́ irú ètò yìí. Wọ́n fẹ́ ilẹ̀ tó ní ìwé, tí ẹnikẹ́ni ò ní í lé wọn kúrò lórí rẹ̀. Ọba náà sì ń bẹ̀rù pé bí ọkọ̀ ogun mìíràn bá dé, gbogbo ilẹ̀ tó wà lórúkọ òun nìkan ni ẹni tó bá ṣẹ́gun yóò kó lọ. Ìjọba ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti ọdún 1845, tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀, tí yóò sì máa fún àwọn tó bá jàre ní ìwé. Ní ọdún 1847, wọ́n fi Lee ṣe alága ìgbìmọ̀ náà.

Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ọba àti àwọn ìjòyè jókòó láti mọ ẹni tó ni kí ni, ọ̀rọ̀ sì dojú rú. Lee ló gbé ìmọ̀ràn tí wọ́n tẹ̀ lé kalẹ̀. Ó ní kí ọba yọ ilẹ̀ tirẹ̀ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní ara rẹ̀, kí wọ́n sì pín ìyókù láàrin ìjọba, àwọn ìjòyè àti àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ náà. Wọ́n gbà gbọ́ pé bí orílẹ̀-èdè mìíràn bá tilẹ̀ gba ìjọba, kò ní í fọwọ́ kan ilẹ̀ tó jẹ́ ti ẹnì kan pàtó. Ọgbọ́n orí lọ́yà nìyẹn. Ó ń kọ́ ilé sílẹ̀ de ìjì tó ń bọ̀.

Láti ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní títí di ọjọ́ keje oṣù Kẹta ọdún 1848, ọba àti àwọn ìjòyè tó ju 240 lọ wá síwájú ìwé ńlá kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé kan jẹ́ ti ọba, ojú ewé kejì jẹ́ ti ìjòyè. Ilẹ̀ tí ìjòyè bá jọ̀wọ́ fún ọba wà lójú ewé ti ọba, èyí tí ọba bá fi sílẹ̀ fún ìjòyè wà lójú ewé tirẹ̀. Àwọn méjèèjì a fọwọ́ sí i. Mahele ni àwọn ará Hawaii ń pe ìpín ilẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù Kẹta, ọba tún pín èyí tó kù sọ́wọ́ rẹ̀ sí méjì: ó fi apá tó tóbi jù sílẹ̀ fún ìjọba, ó sì mú èyí tó kù fún ara rẹ̀. Láàrin ọjọ́ mélòó kan péré, ètò ilẹ̀ tí wọ́n ti bá láyé lọ́wọ́ àwọn baba ńlá ti di ìtàn.

Mẹ̀kúnnù ńkọ́? Òfin ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ń dáko tàbí tó kọ́lé sórí ilẹ̀ mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀ kí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì ọdún 1848 tó kọjá. Ọjọ́ náà tilẹ̀ ti kọjá kí àwọn ìjòyè tó parí ìpín tiwọn. Lee mọ̀ pé bí òfin ò bá dárúkọ mẹ̀kúnnù, ìjòyè lè ta ilẹ̀ mọ́ wọn lórí. Òun ló wà nídìí òfin tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1850, tó ní kí mẹ̀kúnnù di olówó orí ilẹ̀ tó ń dá, láìsan kọ́bọ̀ fún ìjọba tàbí fún ìjòyè. Kuleana ni wọ́n ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ lédè wọn: ẹ̀tọ́ ni, ojúṣe sì ni. Ohun tó jẹ́ tìrẹ ni, òun náà sì ni ohun tí o gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Lórí ìwé, kò sí òfin tó dára tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí mẹ̀kúnnù tó rí ìwé gbà, ó gbọ́dọ̀ ti kọ orúkọ sílẹ̀ lásìkò. Ó gbọ́dọ̀ mú ẹlẹ́rìí wá. Ó gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò wọn ilẹ̀ náà, kó sì san owó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó ò sí lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ pé kókò àti ẹja ló fi ń ṣọrọ̀. Ibi tó ń dá gan-an nìkan ni wọ́n máa fún un, pẹ̀lú àyè kékeré fún ilé. Orí òkè tó ti ń gé igi ò sí nínú rẹ̀, àti ibi tí ẹran rẹ̀ ti ń jẹko. Ọ̀pọ̀ wọn ò tilẹ̀ rí ìdí tí èèyàn yóò fi máa lọ kọ orúkọ sílẹ̀ nítorí ilẹ̀ tí baba rẹ̀ ti ń dá. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ìjòyè. Àjàkálẹ̀ àrùn sì tún jà ní ọdún 1848 àti 1849, ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, àwọn ẹlẹ́rìí àti àwọn tó ni ọ̀rọ̀ ń kú lọ ní ìdílé ìdílé.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà parí iṣẹ́ ní ọdún 1855, èso rẹ̀ hàn. Ìkànìyàn ọdún 1850 ka nǹkan bí 84,000 èèyàn ní Hawaii. Ìwé kuleana tó jáde lé díẹ̀ ní 8,000, gbogbo ilẹ̀ tó wà nínú wọn kò sì ju nǹkan bí 28,600 éékà lọ. Ilẹ̀ àwọn ìjòyè lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ éékà, ti ìjọba náà tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, ti ọba sún mọ́ mílíọ̀nù kan. Ohun tó kan àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn túlẹ̀ kò tó éékà kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ó tún ku ohun kan tó ń dunni. Ní ọdún 1854, 1860 àti 1892, ìjọba ṣòfin láti tún àyè fún àwọn ìjòyè tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó wá gba ìwé tiwọn. Mẹ̀kúnnù tí kò kọ orúkọ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì yẹn ò rí irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ṣé Lee kò mọ̀ ni? Ó mọ̀. Ó rọ àwọn míṣọ́nnárì tó wà káàkiri pé kí wọ́n bá òun ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ láti kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó fẹ́ kí mẹ̀kúnnù pàdánù. Àmọ́ iṣẹ́ adájọ́ àti iṣẹ́ ilẹ̀ nìkan kọ́ ló ń ṣe. Ní ọdún 1849, òun, Bishop àti oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Henry Peirce da owó pọ̀ dá oko ìrèké sílẹ̀ ní Lihue, ní erékùṣù Kauai. Ní ọdún 1850, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ńlá sílẹ̀, Lee ló sì jẹ ààrẹ rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, òfin jáde tó gba àjèjì láyè láti ra ilẹ̀ kó sì di tirẹ̀. Òfin àjèjì yìí tilẹ̀ fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú òfin kuleana. Ohun tí àwọn mẹ̀kúnnù bẹ ọba pé kó má ṣe ní ọdún 1845 ti ṣẹlẹ̀.

Oko ìrèké ò ṣeé dá láìsí òṣìṣẹ́. Òfin mìíràn jáde ní ọdún 1850 nípa ọ̀gá àti òṣìṣẹ́: ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́, tó sì sá kúrò níbẹ̀, wọ́n lè fi agbára dá a padà, kó sì tún lo kún iye àkókò tó yẹ kó lò. Bó bá kọ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 1852, ọkọ̀ Thetis kó nǹkan bí 200 ọkùnrin dé láti Ṣáínà. Ọdún márùn-ún ni àdéhùn wọn, dọ́là mẹ́ta lóṣù, pẹ̀lú oúnjẹ àti aṣọ. Ẹgbẹ́ tí Lee jẹ́ ààrẹ rẹ̀ ló ṣètò bí wọ́n ṣe mú wọn wá.

Ọdún yẹn gan-an ni Lee tún ṣe iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ò ní í parẹ́ nítorí rẹ̀. Wọ́n yan èèyàn mẹ́ta láti kọ ìwé òfin tuntun tí yóò máa darí orílẹ̀-èdè. Ọba yan Dókítà Gerrit Judd, àwọn ìjòyè yan John Papa Ii tó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ Hawaii, àwọn aṣojú ará ìlú sì yan Lee. Ìwé òfin ọdún 1852 fún gbogbo ọkùnrin ọmọ ìlú tó ti dàgbà ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, ìbáà jẹ́ olówó tàbí tálákà. Ó dín agbára ọba kù. Ó sì sọ ọ́ gbangba pé kò gbọdọ̀ sí oko ẹrú ní Hawaii lọ́nà kankan, àti pé ẹrú yòówù tó bá fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà ti di òmìnira. Ní ọdún 1852 yẹn, mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn dúdú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì wà nínú ẹ̀wọ̀n ẹrú ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti bí Lee. Lábẹ́ ìwé òfin tuntun yìí, Lee di adájọ́ àgbà ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, John Ii sì jókòó pẹ̀lú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ibẹ̀.

Ọwọ́ kan náà ló kọ ọ̀rọ̀ òmìnira ẹrú, òun náà ló sì ń wá òṣìṣẹ́ tí òfin lè dá padà sóko bí wọ́n bá sá. Bóyá lójú Lee, kò sí àtakò nínú rẹ̀. Ó gbà gbọ́ pé ẹni tó bá ní ilẹ̀ tirẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń tà tó ń rà, yóò là, orílẹ̀-èdè yóò sì là pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó ṣe rí nílé wọn ní New York nìyẹn. Àwọn Yorùbá ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun tí Lee ò rí ni pé ìwé ilẹ̀ tó sọ mẹ̀kúnnù di olówó orí ilẹ̀ ló tún jẹ́ kí mẹ̀kúnnù lè ta ilẹ̀ náà, kó lè fi yá owó, kí ilé ẹjọ́ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ìwé tó dé, kò sí ọ̀nà tí ilẹ̀ fi lè jáde pátápátá kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀.

Ara Lee ò le. Ikọ́ ife ti ń jẹ ẹ́ lára láti ìgbà pípẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1854, Kamehameha Kẹta wàjà. Ọdún 1855, ọba tuntun rán Lee lọ sí Washington gẹ́gẹ́ bí ikọ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí dúró níwájú ìjọba Amẹ́ríkà, ó ń ṣojú ọba Hawaii. Ní oṣù Keje, òun àti mínísítà Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àdéhùn tí yóò jẹ́ kí ọjà àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì máa wọlé láìsan owó ibodè, ṣùgbọ́n ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà ò fọwọ́ sí i. Lee padà sí Honolulu lọ́wọ́ òfo. Níbẹ̀ ló kú sí, ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 1857. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Ìyàwó rẹ̀ padà sí Amẹ́ríkà.

Àwọn òfin tó kọ ò kú pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò rìn bó ṣe là á sílẹ̀. Ní ọdún 1864, Kamehameha Karùn-ún pa ìwé òfin ọdún 1852 tì, ó sì fi ìwé mìíràn rọ́pò rẹ̀ tí kò jẹ́ kí gbogbo tálákà lè dìbò mọ́. Ọdún 1865, òfin so ilẹ̀ tí Kamehameha Kẹta yà sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀ mọ́ orí ìtẹ́, kí ọba kankan má baà tà á. Ní ọdún 1876, àdéhùn tí Lee ò rí gbà wá ṣeé ṣe, ṣúgà Hawaii ń wọ Amẹ́ríkà láìsan owó ibodè, oko ìrèké sì ń gbilẹ̀ bí iná ọyẹ́. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní ọdún 1893, àwọn oníṣòwò àti àwọn lọ́yà gba ìjọba lọ́wọ́ Ọbabìnrin Liliuokalani. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí ni Sanford Dole, lọ́yà tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tó ti jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ nínú ilé ẹjọ́ gíga tí Lee ti jẹ́ adájọ́ àgbà rí. Ọdún 1898, Amẹ́ríkà gba Hawaii pátápátá, ilẹ̀ ìjọba àti ilẹ̀ ìtẹ́ sì bá a lọ, nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin éékà. Ọbabìnrin pe ẹjọ́ pé ilẹ̀ ìtẹ́ jẹ́ ti òun. Ní ọdún 1910, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà ní kì í ṣe tirẹ̀, ìtẹ́ ló ni ín, ìtẹ́ ò sì sí mọ́. Ilé tí Lee kọ́ de ìjì ò dúró.

Ṣùgbọ́n apá kan nínú ilẹ̀ náà dúró. Bernice Pauahi, ìyàwó Bishop, ti jogún ilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kú tán. Kò bímọ. Ní ọdún 1883, ó kọ ìwé ìhágún rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ilẹ̀ òun dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, kí wọ́n sì máa fi owó tó ń wọlé lórí rẹ̀ tọ́ wọn. Ó kú ní ọdún 1884, nígbà tó sì di ọdún 1887, ilé ẹ̀kọ́ Kamehameha ṣílẹ̀kùn. Ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ tó nǹkan bí 375,000 éékà. Àwọn ọmọ Hawaii ṣì ń jẹ èrè rẹ̀ lónìí. Òfin ìwé ilẹ̀ tí Lee gbé kalẹ̀ ni Pauahi lò. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọmọ onílẹ̀ ló di gègé mú lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ ohun tí ìwé lè ṣe, ó sì mọ àwọn tó fẹ́ kó ṣe é fún.

Àwọn ìwé tí ìgbìmọ̀ Lee fọwọ́ sí ṣì wà nínú àpótí ìjọba ní Honolulu. Bí ẹnikẹ́ni bá ń pe ẹjọ́ ilẹ̀ ní Hawaii lónìí, wọ́n ṣì ń ṣí wọn wò, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń wá orúkọ baba ńlá wọn nínú wọn. Ẹni tí baba ńlá rẹ̀ rìn dé Honolulu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1848, tó sì wá ẹlẹ́rìí méjì, ń rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí baba ńlá tirẹ̀ rò pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé òun ló ni ilẹ̀, kò rí nǹkan kan.